Ogún ínǹṣì egungun itan kan ní Ìperu

Ìyá kan tó ń gbé ní Ìperu-Rẹ́mọ kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun síbi tí àlàpà ilé bàbá wọn àgbà wà. Àwọn bíríkìlà kan egungun èèyàn níbi tó jẹ́ yàrá tẹ́lẹ̀. Egungun itan rẹ̀ kan gùn gan-an. Wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó pé ogún ínǹṣì. Ìyá ọkọ mi ní bàbá ńlá wọn tó jẹ́ òmìrán ni, pé òun ló padà wá sáyé tó di ọmọ mi. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 14, ó ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti ra bàtà fún un láàárín ọdún kan. Ó máa ń ní orí ń fọ́ òun. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ máa ń ti ara egungun àwọn ará àtijọ́ mọ àìsàn họ́mónù. Ṣé a lè gbé egungun yìí lọ fún àyẹ̀wò, ká lè mọ̀ bóyá àìsàn wà nínú ìdílé ọkọ mi? Ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré: egungun kan tó gùn lójú, ìtàn bàbá ńlá kan, àti ọmọ kan tí orí ń fọ́. Ìparí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí mo mọ ara mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn egungun, ilẹ̀ lè ṣú. Ọmọ ni kí ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò, ẹ fi egungun sílẹ̀ ná. Ọmọ ọdún 14 tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí bàtà kì í gbà pẹ́, tí orí sì ń fọ́, ó yẹ kí dókítà rí i, yálà ẹ rí egungun nílẹ̀ tàbí ẹ ò rí. Síbẹ̀, ìbéèrè yín lọ́gbọ́n nínú. Àwọn kan ti ṣe ohun tí ẹ ń béèrè yìí gan-an rí, wọ́n ti ara egungun òkú kan dé ọ̀dọ̀ àwọn alààyè tó bá a tan, ó sì yẹ kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ogún ínǹṣì yẹn. Egungun itan ló gùn jù lára èèyàn, ẹran sì máa ń bò ó débi pé kò sí ẹni tó mọ bí tirẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ á gbé e lé ẹ̀gbẹ́ itan tirẹ̀, á fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti orúnkún, á wá rí i pé òkè rẹ̀ ti kọjá ibi tí itan ti ń ṣẹ́ po bí èèyàn bá jókòó. Ojú ẹsẹ̀ ni yóò pariwo òmìrán. Ó ti gbàgbé pé orí egungun náà, èyí tó rí roboto, inú ihò ìbàdí ló ń wọ̀, lókè ibi tí a rò pé itan parí sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ọdún kìíní kì í ṣe kí wọ́n má ṣe é, àwọn ọlọ́pàá náà ń ṣe é. Lọ́dún 1952, àwọn obìnrin onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Mildred Trotter àti Goldine Gleser, gbé ìṣirò kan jáde tí a fi ń ti ara egungun mọ gíga. Fún ọkùnrin adúláwọ̀ ibẹ̀, ẹ ó wọn egungun itan ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po 2.11, ẹ ó sì fi 70.35 kún un. Ogún ínǹṣì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51. Ohun tó bá jáde ò ju 178 lọ, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́wàá, ó sì lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Wọn ò fi ará Rẹ́mọ ṣe ìṣirò náà, torí náà mi ò ní búra lé e. Àmọ́ bó ti wù ká yí i, ẹni yẹn ò lè di òmìrán. Ọkùnrin tó ga díẹ̀ ni, bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ẹ wọn ọkọ yín wò, ó lè jẹ́ pé òun ló ga jù.

Mo ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, nítorí egungun ìbàdí àti agbárí la fi ń mọ ìyẹn dáadáa, ẹ ò sì sọ bóyá wọ́n rí wọn. Ta lẹni náà tiẹ̀ jẹ́? Pé wọ́n bá a nínú yàrá kò ya ẹnikẹ́ni tó mọ ilẹ̀ wa lẹ́nu. Kí itẹ́ òkú tó dé, inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbàlagbà sí, àwọn ọmọ á sì máa sùn sórí ilẹ̀ yàrá kan náà. Ilé tó bá ti pẹ́ lè ní bàbá, ìyá, àti ẹ̀gbọ́n bàbá nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìyá ọkọ yín lè tọ̀nà, wọ́n sì lè máa pe egungun ìyá àgbà kan ní bàbá ńlá. Èmi náà ti kó sírú ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nípa ẹ̀yà ara, ìdílé kan gbé egungun kan tó nípọn wá bá mi láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga. Mo wò ó yí ká, mo ní èèyàn ni, ẹni tó ga tó sì lágbára. Wọ́n ti ra àgbò ètùtù kí ọ̀gá mi tó ti ìrìn àjò dé, tó yí egungun náà padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní màlúù ni. Àgbò yẹn ò padà sọ́jà mọ́. A jọ jẹ ẹ́ ni.

Kí ló wá ń sọ èèyàn di òmìrán ní tòótọ́? Lábẹ́ ọpọlọ, láàárín gbùngbùn orí, kókó kékeré kan wà tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Pituitary ni àwọn dókítà ń pè é. Ó jókòó sínú egungun kan tó jin kòtò bíi gàárì ẹṣin, kódà orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara fún egungun náà ní èdè Látìn ni gàárì àwọn ará Tọ́kì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ti rí gàárì tí àwọn ìdílé Balógun ń dì mọ́ ẹṣin, tó ga níwájú, tó ga lẹ́yìn, tó jin láàárín. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, àmọ́ kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kókó yìí ló ń tú họ́mónù ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá wú, wíwú tí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, họ́mónù náà á pọ̀ jù, gàárì á sì fẹ̀ sí i nítorí ohun tó jókòó sínú rẹ̀ ti tóbi. Bí èèyàn bá kú, kókó á jẹrà, ọpọlọ á di erùpẹ̀, gàárì tó fẹ̀ á ṣẹ́kù sínú agbárí. Òun la máa ń kọ́kọ́ wá.

Ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ohun tí yóò dà. Egungun ọmọdé kò tíì parí. Nítòsí orí rẹ̀ méjèèjì, kérékèré tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí egungun ti ń gùn. Bí ìbàlágà bá dé, họ́mónù ọkùnrin tàbí ti obìnrin á dí ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gíga á sì dúró. Bí ti pituitary bá pọ̀ jù kí ojú ibẹ̀ tó dí, ọmọ á máa ga lọ ni. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tó dí ni, kò sí gíga mọ́, fífẹ̀ ló kù: àgbọ̀n á yọ síwájú, àlàfo á wọ àárín eyín, egungun òkè ojú á ṣù, àtẹ́lẹsẹ̀ á fẹ̀, òrùka ìgbéyàwó ò ní bọ́ lọ́wọ́ mọ́. Pierre Marie, dókítà ará Faransé, ló sọ èyí lórúkọ lọ́dún 1886. Nítorí náà gígùn egungun nìkan ò lè mú kí n sọ ohunkóhun. Gàárì ńkọ́? Àgbọ̀n ńkọ́? Ojú kérékèré ńkọ́, ṣé ó ti dí bó ṣe yẹ kó dí lọ́jọ́ orí yẹn? Ẹni tó kàn ga nítorí ìyá àti bàbá rẹ̀ ga, kò ní ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹni tí họ́mónù sọ di òmìrán ní tòótọ́ ti jáde látinú ilẹ̀ rí. Ní Fidenae, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Róòmù, wọ́n wú egungun ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbáyé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Sẹ̀ǹtímítà 202 ni gíga rẹ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin Róòmù ìgbà náà kì í sábà ju 167 lọ. Lọ́dún 2012 ni àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí nípa rẹ̀ jáde. Gíga nìkan kọ́ ló dá wọn lójú, ojú kérékèré rẹ̀ ló ṣì là sílẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ikú ló dá gíga náà dúró.

Èyí tó kàn yín gan-an ni ti Charles Byrne. Ọdún 1761 ni wọ́n bí i ní àríwá Ireland, ó lọ sí London láti máa fi gíga ara rẹ̀ jẹun, ó sì kú níbẹ̀ lọ́dún 1783, ọmọ ọdún 22. Kó tó kú ló ti mọ̀ pé àwọn dókítà ń ṣọ́ òkú òun. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun gbé òun sọ sínú òkun. John Hunter, oníṣẹ́ abẹ tó lókìkí jù nígbà náà, fi owó gba òkú náà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e lọ, ó sì se ẹran kúrò lára egungun. Egungun yẹn dúró nínú gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hunter ní London fún ohun tó ju igba ọdún lọ, ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì méje. Lọ́dún 1909, Harvey Cushing, dókítà ará Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n ṣí agbárí náà, ó sì bá gàárì tó ti fẹ̀ gidigidi. Lọ́dún 2011 ni ohun tí ẹ ń béèrè wá ṣẹlẹ̀: àwọn onímọ̀ yọ DNA, ohun àjogúnbá tó ń ti ara òbí dé ara ọmọ, nínú eyín Byrne, wọ́n rí àbùkù kan nínú jíìnì, ìyẹn ẹyọ kan lára DNA, tí wọ́n ń pè ní AIP, wọ́n sì rí àbùkù kan náà lára àwọn ìdílé mẹ́rin tó wà láàyè ní Northern Ireland, àwọn tí pituitary ti ń dà láàmú. Ìṣirò wọn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín lójú èyí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àbùkù yẹn ni kò ṣe nǹkan kan fún, ó kàn gba ara wọn kọjá sí ara ọmọ ni, ó sì lè fo ìran méjì kó tó tún yọ. Bí àwọn àgbà bá ní bàbá ńlá ló padà yọ lára ọmọ-ọmọ, ẹ má bá wọn jiyàn. Kí ẹ kàn sọ fún wọn pé Babátúndé kì í wá pẹ̀lú orí fífọ́, èyí tó bá bá orí fífọ́ wá, ẹ ní kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn.

Kí n má fi ti òmìrán nìkan gbá yín lójú. Àìtó họ́mónù náà ń kọ nǹkan sára egungun. Ẹ mọ ìwẹ̀fà, irú àwọn tó máa ń wà láàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Ní Ítálì, wọ́n máa ń tẹ àwọn ọmọkùnrin olóhùn dídùn lọ́dàá kí ohùn wọn má bàa dẹ́ sílẹ̀. Farinelli ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ẹni ọdún 77 ni nígbà tó kú lọ́dún 1782. Nígbà tí wọ́n wú u ní Bologna lọ́dún 2006, etí egungun ìbàdí rẹ̀, tó yẹ kó ti lẹ̀ mọ́ra kó tó pé ọdún 25, kò tíì lẹ̀ tán. Bàbá arúgbó, àmọ́ apá kan lára egungun rẹ̀ ṣì ń dúró de ìbàlágà. Ní ti àwọn arará, ẹni òrìṣà, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé họ́mónù ló ṣe gbogbo wọn. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí apá àti ẹsẹ̀ kúrú ṣùgbọ́n tí àyà àti ẹ̀yìn gùn dáadáa, jíìnì egungun fúnra rẹ̀ ló fà á, ọdún 1994 ni wọ́n mọ jíìnì náà, àwọn òbí tó ga bó ṣe yẹ ló sì sábà máa ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí pituitary ò fún ní họ́mónù tó, gbogbo ara rẹ̀ ló ń kéré bákan náà, bí àwòrán tí wọ́n dín kù. Ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti pọ̀ nítorí àìsí áyódììnì nínú oúnjẹ, eyín ọmọ kì í tètè yọ, egungun rẹ̀ kì í sì í tètè le.

Ṣùgbọ́n egungun kì í kọ gbogbo ohun tó ṣe èèyàn. Àtọ̀gbẹ tó pa èèyàn kíákíá kì í fi ohun tí a lè dá mọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí pituitary rẹ̀ wú, àmọ́ tí ibà pa á lóṣù mẹ́ta, egungun rẹ̀ á dà bíi ti ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń fi egungun kan ṣoṣo sọ ìtàn ìgbésí ayé odindi èèyàn.

Ilẹ̀ wa ni ìṣòro tó kù. Ilẹ̀ pupa tó ní kíkan, òjò, àti ooru, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ló ń jẹ egungun ní apá ibí. Ẹ wo egungun àtijọ́ tó lókìkí jù nílẹ̀ Yorùbá, ti Ìhò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ wú lọ́dún 1965, tó ti tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ọdún: abẹ́ àpáta ló sá sí. Ní Shum Laka ní Kamẹrúùnù, wọ́n rí DNA lára ọmọdé mẹ́rin, méjì tó ti tó 8,000 ọdún, méjì tó tó 3,000, ìwádìí náà sì jáde lọ́dún 2020. Abẹ́ àpáta lórí òkè tó tutù ni òun náà. Tiyín ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, DNA ṣì lè wà nínú eyín rẹ̀. Àmọ́ àwọn bíríkìlà ti fi ọwọ́ olóòógùn gbé e kiri, DNA tiwọn náà ti dà pọ̀ mọ́ ọn, yàrá àyẹ̀wò tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì sì wọ́n, owó rẹ̀ ju ti ìwòsàn ọmọ yín lọ. Ká tiẹ̀ ní ó yọ, tí ó ní jíìnì yẹn wà nínú bàbá ńlá, ẹ ṣì máa padà wá yẹ ọmọ wò. Bó bá sì ní kò sí, ẹ ṣì máa yẹ ọmọ wò. Kí la wá ń lọ òde òkú fún?

Ní ti egungun náà, ẹ dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ná. Kí olórí ẹbí fi tó ọlọ́pàá létí, kó lè hàn pé òkú àtijọ́ ni, kì í ṣe ẹni tí wọ́n pa níjọ́sí, kí ẹ sì jẹ́ kí ààfin gbọ́. Bí ẹ bá rí ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀, tàbí idẹ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ pe àwọn àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó hú u, nítorí ibi tí nǹkan dùbúlẹ̀ sí ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀, kí ẹbí sì tún un sin bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Egungun ni mo fi jẹun fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mo sì fẹ́ràn kí a kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Síbẹ̀ mi ò lè gbàgbé pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Byrne bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un ṣẹ. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hunter tún ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2023, wọn ò gbé egungun rẹ̀ síta fún ìwòran mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì sin ín.

Ó ku ọmọ. Mi ò fojú rí i, mi ò sì ní sọ pé àìsàn ni. Ọmọkùnrin tó wà nínú ìbàlágà lè fi ínǹṣì mẹ́rin ga lọ́dún kan láìsí nǹkan kan tó ṣe é, ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ gùn, ìdí nìyẹn tí bàtà fi ń tètè kéré. Ó tún lè jẹ́ pé ìbàlágà rẹ̀ ló tètè dé: irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ báyìí, àwọn ẹgbẹ́ á sì bá a, wọ́n á tiẹ̀ kọjá rẹ̀ lọ́la. Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni orí fífọ́ yẹn. Ojú ọ̀nà ìríran gba òkè gàárì yẹn kọjá, bí kókó bá wú ó máa ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ á máa rí iwájú kedere ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí bóyá ó máa ń fi èjìká kọlu ẹnu ọ̀nà, bóyá ó ń làágùn ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá àlàfo ń wọ àárín eyín rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ojú bá wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà ní Ṣàgámù ò jìnnà sí yín. Ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ dókítà ọmọdé tó mọ̀ nípa họ́mónù. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wo IGF-1, èyí tó ń fi hàn bóyá họ́mónù ìdàgbàsókè ti pọ̀ jù. Wọ́n á ya ọwọ́ òsì rẹ̀ ní X-ray láti rí ojú kérékèré, ohun kan náà tí wọ́n wò lára ọmọ Róòmù yẹn, àfi pé tiyín ṣì lè rẹ́rìn-ín sí wọn. Bí ìwọ̀nyí bá mú ìfura wá ni wọ́n á tó ní kí ẹ ṣe MRI orí, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, owó ìyẹn sì ń ga, mi ò ní tàn yín. Bó bá jẹ́ kókó ló wú, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń ti ihò imú wọlé yọ ọ́, oògùn náà wà, ó wọ́n, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń lọ tán. Ṣùgbọ́n ojú tí kókó bá ti tẹ̀ pa kì í sábà là mọ́, gíga tó bá sì ti ga kì í padà sílẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì gíga rẹ̀ sára òpó ilẹ̀kùn, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ kó fọ́tò rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dání. Bí ẹ ò bá tíì fi bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tọrẹ, ẹ kó wọn dání pẹ̀lú, ẹ kọ oṣù tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀.